Ìyá Rùká Méjì

Ìkúnlẹ̀ ni mo fi kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ lókè òkun. Ọjọ́ kìíní iṣẹ́ mi ni, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Wọ́n ní kí n lọ kí bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó lè mọ̀ mí. Èmi náà wọlé, mo kan orúnkún méjèèjì mọ́lẹ̀, mo kí i ní èdè wọn. Ojú bàbá là, ó tẹ agogo pàjáwìrì tó wà lọ́rùn rẹ̀. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn mẹ́ta ti sáré wọlé. Ọ̀kan gbé àpótí oògùn dání, ọ̀kan ti dì mí lápá mú, ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun láàárọ̀. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni. Mo ní mi ò ṣubú, bàbá ni mò ń kí. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀gá wa, ọmọbìnrin tí mo lè bí, fọwọ́ tọ́ mi léjìká, ó ní níbí yìí, kí n kàn máa juwọ́.

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Kí o máa juwọ́ kẹ̀? Bí ẹni ń lé eṣinṣin?"

Mo ń gbọ́ ohùn Rùká, ọmọ mi, lẹ́yìn rẹ̀ tó ń béèrè pé kí ló dé, kí ló dé, kí wọ́n sọ fóun. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí fóònù já, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tó jẹ́ pé bí mo bá na apá, màá kan ògiri méjèèjì, mo sì sunkún dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Ẹ̀yìn Ìyànà Ọ̀fà ni abúlé wa wà. Bàbá wa ń gbin kòkó àti ẹ̀gẹ́, ìyá wa ń din gàrí, àwa méjì péré ló yè nínú ọmọ tí wọ́n bí. Ẹ̀gbọ́n mi, Sìkírátù, fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ọlọ́run ò fún un lọ́mọ. Ọkọ rẹ̀ lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ẹ̀gbọ́n mi kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá wa, ó sì gba agbada gàrí lọ́wọ́ ìyá wa. Èmi ni wọ́n rán níwèé, mo ríṣẹ́ ní káńsù. Rùkáyátù nìkan ni mo bí. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, bàbá rẹ̀ kú. Nígbà tó pé mẹ́fà, mo fi í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo rìnrìn àjò. Mo ní ọdún méjì péré ni. Bí ọdún méjì ṣe di mọ́kànlá, ìwé ìgbélùú ni. Ẹni tí kò ní in, bó bá jáde nílùú wọn, kò ní wọlé mọ́. Mò ń retí ìwé, ọmọ ń dàgbà.

Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó ti bímọ kì í jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bí Rùká, Ìyá Rùká ni gbogbo abúlé ń pè mí, Ìyá Rùká ni mò ń jẹ́ ní káńsù, ọkọ mi pàápàá kò pè mí ní nǹkan mìíràn. Ìyá mi nìkan ló ń pe orúkọ mi gan-an, ìgbà tí inú bá sì ń bí i ni. Àfi bí mo ṣe dé òkè òkun tí ọmọ ogún ọdún ń na ohùn pe orúkọ mi láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọkàn mi á kọ́kọ́ fò. Fún nǹkan bí ọdún kan, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè mí ni mò ń rò pé mo ti ṣẹ̀.

Ọdún kẹta ni mo gbọ́ ọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lórí fóònù, ohùn obìnrin kan já wọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn.

"Ìyá Rùká, ṣé gàrí ṣì kù?"

Mo la ẹnu láti dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ti dáhùn.

"Ó kù o! Ẹ jẹ́ n parí fóònù."

Ó padà sórí ọ̀rọ̀ tí à ń sọ, kò tilẹ̀ fura pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Kò jí orúkọ náà. Ẹni tó ń mú ọmọ lọ sí iléèwé, tó ń dì í nírun, tó ń lọ bá tíṣà rojọ́, òun ni ará abúlé ń rí, òun náà ni wọ́n sì ń pè. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú mi ò sì dùn sí i. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sínú, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Nẹ́tíwọ̀kì kì í dé ilé wa. Wọ́n ní láti rìn lọ sẹ́yìn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dúró sórí àpáta pẹlẹbẹ kan níbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ni tèmi. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹkún ni Rùká máa ń sun. "Mọ́mì, ṣé ọ̀la lẹ máa dé?" Màá ní kò ní pẹ́. Nígbà tó yá, kò sunkún mọ́. Nígbà tó tún yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní mà. "Ẹ káàsán mà. Dáadáa ni mà. Ẹ ṣé mà." Ẹ̀gbọ́n mi ń yìn ín fún mi pé ọmọ náà mọ ìwà hù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ̀ ọ́n hù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, wọ́n rò pé àwọn ti pa fóònù, mo gbọ́ bí òun àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń bára wọn jà lórí àpáta.

"Mo ní mi ò wọ̀ ọ́! Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ ti ń da èèyàn láàmú jù!"

"Màá fọ́ ẹ létí o."

"Ẹ lé mi bá ná!"

Mo wá gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì. Mo tẹ fóònù mọ́ etí, mi ò mí, títí nẹ́tíwọ̀kì fi gbé e lọ. Èmi ni ó ń bọ̀wọ̀ fún. Ọmọ kì í bá àlejò jà. N kò tíì jowú ohunkóhun láyé mi bí mo ṣe jowú ìjà yẹn.

Mo ń fi aṣọ ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Màá dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, màá máa wo àwọn ọmọ òyìnbó tó ń kọjá, màá ní, ẹni báyìí ni Rùká máa tó báyìí. Ní gbogbo ọdún ni mo ń ṣì í. Lójú mi, ọmọ tí mo fi sílẹ̀ ni mò ń wọ̀ láṣọ, ó kàn ń ga díẹ̀díẹ̀ ni. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Ìyànà Ọ̀fà, lẹ́yìn tí iléèwé bá jáde. Lọ́jọ́ Àìkú kan ó ní, "Mọ́mì, mo tú gáùn yẹn mà. Ó kéré jù. Mo fi rán yẹ̀rì fún àwọn ìbejì ilé kejì." Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní ọ̀gá òun yin òun pé òun lè tú aṣọ tuntun láìjẹ́ kó ya. Mo ní ó ṣeun, ó káre. Èmi ni mo yan gáùn yẹn fún odindi wákàtí kan.

Ìyá òyìnbó kan wà nílé iṣẹ́ wa tí mo fi ọdún mẹ́rin wẹ̀ fún. Mo mọ iye ṣúgà tó ń mu sí tíì. Mo mọ̀ pé kì í fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan etí òsì òun, pé bí òjò bá ń rọ̀, á fẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé. Ọjọ́ tó kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kó ẹrù, ó dúró láàárín yàrá, ó ń béèrè lọ́wọ́ mi pé irú òdòdó wo ni ìyá òun fẹ́ràn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú mi, pé àwọn èèyàn wo nìyí tí wọn kò mọ ìyá tó bí wọn. Mo sọ òdòdó náà fún un. Nígbà tí mò ń rìn lọ sílé, mo gbìyànjú láti rántí bóyá Rùká ń jẹ ẹ̀wà tàbí kì í jẹ ẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ korò. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo kọ́ mọ́tò wíwà lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélógójì, mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta, mo yege lẹ́ẹ̀kẹrin, mo sì wà á yí ọgbà ìgbọ́kọ̀sí ká lẹ́ẹ̀méjì láìsí ìdí kankan. Mo tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọ̀gá pé rárá, tí ọ̀run ò sì ní já. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, ìwé mi jáde. Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ní Alhamdulilahi, ọmọ mi ti dé ọ̀dọ̀ mi tán.

Lọ́yà ṣàlàyé fún mi pé mo lè mú ọmọ wá bá mi, kó ṣáà ti ṣẹlẹ̀ kó tó pé ọdún méjìdínlógún. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀kùn ti tì. Ètò náà falẹ̀ títí ó fi ku ohun kan ṣoṣo: kí Rùká lọ sí Èkó lọ tẹ̀ka fún ìwé ìwọ̀lú. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà. Mo sọ fún un lórí fóònù. Ó wá ní, "Ẹ ṣé mà."

Ọjọ́ tí wọ́n dá pé, ibà ń ṣe é. Wọ́n dá òmíràn, ọ̀gá rẹ̀ kò yọ̀ǹda rẹ̀. Mo tún dá ẹ̀kẹta, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láàárọ̀ kùtù.

"Àbúrò mi, ọmọ ò jẹun láti àná."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Kò sọ."

"Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n?"

Ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló bí mi nínú. Ọdún mọ́kànlá ló dé sí mi lọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Àǹtí mi, torí pé Ọlọ́run ò fún yín, ṣé tèmi lẹ wá fẹ́ fi dí i?"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Mò ń gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké lọ́dọ̀ wọn, mò ń gbọ́ atẹ́gùn lórí àpáta. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ balẹ̀.

"Ó dáa. Wá mú ọmọ ẹ."

Ó pa fóònù. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò gbàdúrà fún mi kó tó pa á.

Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo lọ. Mo ní èmi fúnra mi ni màá mú un lọ sí Èkó, ọjọ́ Ajé ni wọ́n dá fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi ti di àpò Rùká kí n tó dé. Ó ti ká gbogbo aṣọ rẹ̀, ó fi ìpara rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó so ó. Ó kí mi káàbọ̀, ó bu omi fún mi, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Kò wo ojú mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó sì ti ń mú igi dání kó tó lè dìde, ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí lórí fóònù. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan dúró níta, ó ké pe, "Ìyá Rùká!" Àwa méjèèjì dáhùn. Obìnrin náà wọlé, ó rí mi, ó kí mi káàbọ̀ tayọ̀tayọ̀, ó sì yí padà sí ẹ̀gbọ́n mi láti jíṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Rùká ga jù mí lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dì mọ́ ọn, òun náà ò mọ̀ ọ́n, a kàn fara kanra ni. Lọ́jọ́ kejì, ó mú téèpù wá, ó ní òun fẹ́ rán aṣọ fún mi tí màá wọ̀ sí fírídọ̀mù òun. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ló máa parí iṣẹ́ tó ń kọ́.

"Ẹ gbé apá sókè mà."

Mo gbé e. Ó fi téèpù yí mi láyà, ó wọ̀n mí léjìká, ó wọ̀n mí nídìí, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ le, ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kó tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n.

"Ẹ rù ju fọ́tò yín lọ," ó sọ bẹ́ẹ̀.

"Rùká, ṣé o fẹ́ bá mi lọ?"

"Bí ẹ bá ní kí n lọ, màá lọ mà."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi ẹ́ nìyẹn."

Ó ń ká téèpù mọ́ ìka. Ó ká a, ó tú u, ó tún ká a.

"Ta ló máa bá Ìyá pọn omi?" ó wí. "Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Wọn kì í sọ fún yín. Tí wọ́n bá ti dìde láti kírun láàárọ̀, èmi ni mo máa ń fà wọ́n sókè."

Ó ní, "Ẹ má bínú mà," ó sì lọ gé aṣọ.

Ẹni tó bá mọ fírídọ̀mù lọ́dọ̀ wa á mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó parí iṣẹ́ á wẹ̀, á múra, á kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ọ̀gá á gbàdúrà sí i lórí, á fún un ní ìwé ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà ló máa pe ẹni tó fà á wá kọ́ṣẹ́, ẹni tó tọwọ́ bọ̀wé lọ́jọ́ kìíní, á sì dá ọmọ padà fún un lójú gbogbo èèyàn. Ọmọ tí wọn kò bá dá padà fún ẹni tó fà á wá, wọ́n ní kò tíì jáde.

Wọ́n fi mí sí àga iwájú, èmi tí mo ti òkè òkun dé, nínú aṣọ tí ọmọ mi rán, tó sì bá mi mu rẹ́gí. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́yìn pátápátá lórí bẹ́ńṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá gbàdúrà tán. Ó ní, "Ta ló fa Rùkáyátù wá sọ́dọ̀ mi?"

Gbogbo ojú ṣí sí mi. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi dún láti ẹ̀yìn.

"Ìyá rẹ̀ ti dé. Òun ni kí ẹ fà á lé lọ́wọ́."

Mo dìde. Mo rìn dé iwájú. Ọ̀gá mú ọwọ́ Rùká, ó fẹ́ fi lé tèmi. Rùká gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín ọmọ tó mọ ìwà hù, ojú rẹ̀ sì kọjá lára mi lọ sẹ́yìn, ó ń wá ẹnì kan. Kò mọ̀ pé mo rí i. Ohun tí mo ti sáré lé fún ọdún mọ́kànlá wà níwájú mi, tí mo bá na ọwọ́, màá mú un, kò sì sí ẹni tó máa dá mi lẹ́bi. Ọ̀túnla, ọjọ́ Ajé, ni Èkó.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo fà á wá."

Mo lọ sẹ́yìn, mo di ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mú.

"Kí lò ń ṣe? Jókòó, wọ́n ń wò wá," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ dìde, Àǹtí mi. Ẹ wá gba ọmọ yín."

Ó gbìyànjú láti fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Mo dì í mú títí ó fi dìde. A jọ rìn díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá fi ọwọ́ Rùká lé e lọ́wọ́, ọmọ náà bú sẹ́kún, ó gbé orí lé ikùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń ti gèlè rẹ̀ gòkè, ó ń sọ pé ó tó, ó tó, o máa ba páúdà ẹ jẹ́. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó dùn mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí àtẹ́wọ́ tán.

Lọ́jọ́ Ajé, a kò lọ sí Èkó. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ́ ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Mo ní, "Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí fóònù." Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́. O ṣì ń gé ẹ̀gẹ́ nípọn, àfi bí ẹni tí kò gbé abúlé rí." Rùká ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹ wo èyí tẹ́ ẹ bẹ́ mà!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìjà.

Lọ́jọ́ tí mò ń padà, òun ló sìn mí dé ibùdókọ̀ Ìyànà Ọ̀fà. Ó gbé àpò mi sẹ́yìn mọ́tò fúnra rẹ̀, ó bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ pé kó rọra máa sáré. Lẹ́yìn náà, ó dúró sẹ́nu fèrèsé, ó di etí ilẹ̀kùn mú, omi bọ́ lójú rẹ̀. Mọ́tò ti kún, dírẹ́bà ti ń tẹ fèrè. Mo nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi.

"Máa lọ sílé," mo ní. "Ìyá ẹ ń retí ẹ."